Bí Ẹ̀rọ Bá Kà Wá Tán, Ta Ni Yóò Dáhùn? Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Nínú Ètò Ìlera

Iye méjì ni Nàìjíríà ní fún ikú abiyamọ. Ìwádìí ńlá lórí ìdílé àti ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní 2018 sọ pé bí wọ́n bá bí ọmọ 100,000 láàyè, ìyá 512 ló ń bá ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìṣirò tiwọn fún 2020, wọ́n ní 1,047 ni. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún 2023, ó bọ́ sí 993: ìyá bíi 75,000 lọ́dún kan ṣoṣo, ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Fún 512, àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí wọ ilé dé ilé, wọ́n ń bi àwọn obìnrin léèrè nípa ọmọ ìyá wọn: mélòó ni ìyá yín bí, èwo ló ti kú, ṣé oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tó kú, àbí orí ìkúnlẹ̀ ni, àbí kété lẹ́yìn ìbímọ? Fún 1,047, àwọn onímọ̀ ìṣirò kó irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n fi iye ọmọ tí obìnrin ń bí kún un, àti bí orílẹ̀-èdè ṣe lówó tó, àti iye aboyún tí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ń gbẹ̀bí fún, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà fojú díwọ̀n ibi tí ìwádìí kò dé. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni ìwé ikú. Ìyá tó bá kú ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn lálẹ́ òní lè ti wọ ilẹ̀ kó tó di ọ̀sán ọ̀la, kó má sì sí ọ́fíìsì ìjọba kankan tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán nìyí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2024. Ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, yan ìjọba ìbílẹ̀ 172 nínú 774 tó wà ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ohun tó ju ìdajì ikú abiyamọ lọ ti ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ètò tuntun wọn yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Ìṣirò ló yàn wọ́n. Bí ìṣirò bá ṣìnà, agbẹ̀bí tí abúlé kan ń retí yóò gba abúlé mìíràn lọ. Kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá ni ẹ̀rọ ti bá wa dá sí ẹni tí ìtọ́jú yóò kàn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè, pé ṣé ìmọ̀ ẹ̀rọ dára fún ìlera tàbí kò dára, kò gbé wa débì kan. Ẹ̀rọ lè kà, ó lè ya àwòrán, ó lè ké gbàjarè. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ń di ìtọ́jú, àfi bí ẹnì kan bá wà tí òfin, owó àti ojúṣe so mọ́ ọn láti dáhùn. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ike lásán tó ṣe é fowó díẹ̀ rà ń gba ẹ̀mí là. Ibi tí kò bá sí, kọ̀ǹpútà olówó iyebíye ń gba eruku.

Ẹ jẹ́ ká ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ìwòsàn wa ni. Ní 1989, ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì náà, àti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland pawọ́ pọ̀ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Wọn ò ra ọjà olówó gọbọi. Wọ́n mú ètò kan tí àwọn ilé ìwòsàn àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó, wọ́n sì tún un ṣe kó bá tiwa mu. Orúkọ tó padà jẹ́ ni MINPHIS, lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, MIN, sì dúró fún pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kẹrin 1993, Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ló gba àlejò àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà àti ìlera ní Áfíríkà, èyí tí wọ́n sọ ní HELINA.

Iṣẹ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe rọrùn láti ṣàlàyé. Bí aláìsàn bá ti lọ sílé, òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù á mú fáìlì rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà káàdì, wọ́ọ̀dù tó sùn sí, àìsàn tí dókítà kọ, bóyá ó lọ sílé ni tàbí ó kú. Bí ọ̀pọ̀ aláìsàn bá ti wọlé báyìí, ẹ̀rọ á to gbogbo rẹ̀ jọ: ibà mélòó, ìtọ̀ ṣúgà mélòó, wọ́ọ̀dù wo ni ikú ti pọ̀ jù. Kó tó di pé irú rẹ̀ dé, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn àfi kó wọ yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù kó máa tú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò nígbà náà kò lágbára tó fóònù tó wà lápò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lónìí. Mo máa ń rántí Ilé-Ifẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní àìní ẹ̀rọ ló dá wa dúró. Àwọn ènìyàn tó ṣe é wà nítòsí láti tún un ṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹni tí agbára wọn kò ká ni ẹni tí yóò gba èsì náà lọ́wọ́ wọn, tí yóò sì fi pín owó àti òṣìṣẹ́.

Lónìí, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń kó ìròyìn ilé ìwòsàn jọ jákèjádò orílẹ̀-èdè ni DHIS2, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní South Africa lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí Yunifásítì Oslo ní Norway sì ń bójú tó. Ó dára, kò sí àní-àní. Àmọ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan kí ẹ wo bí nọ́ńbà ṣe ń wọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí lóru, tó fún ọmọ lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, òun náà ni yóò jókòó ní ìparí oṣù, tí yóò fi ìka ka ìlà inú rẹ́jísítà ńlá, tí yóò ro ó pọ̀ sórí fọ́ọ̀mù, kí fọ́ọ̀mù náà tó lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó rọrùn kí 17 di 71 lójú ọ̀nà yẹn. Obìnrin tó sì bímọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aláṣọ funfun, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àbíyè, tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni tí kì í fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Èyí gbé wa dé ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 2009, Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò, gómìnà tó jẹ́ oníṣègùn fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ. Wọ́n pín ohun tó ń pa aboyún sí ìdádúró mẹ́rin: kí ó tó pinnu láti lọ, kí ó tó rí ọkọ̀ débẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn nígbà tó dé, àti kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára tibẹ̀. Wọ́n wá fún àwọn aboyún tó forúkọ sílẹ̀ ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn láìná kọ́bọ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn mọ ilé aboyún náà, ó máa ń bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mọ oṣù tí oyún rẹ̀ wà. Alùpùpù wà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n sọ di ọkọ̀ agbáláìsàn wà fún ọ̀nà abúlé. Ní 2010 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ ní Àkúrẹ́, níbi tí ìbímọ ti jẹ́ ọ̀fẹ́, títí kan iṣẹ́ abẹ.

Àwọn ìwé ìròyìn gbé fóònù náà lárugẹ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé fóònù ló kéré jù nínú ohun tó wà níbẹ̀. Bí aboyún bá pè láago méjì òru, orúkọ ẹni tí yóò gbé e wà, owó oṣù ẹni náà wà fún gbígbé e, ọkọ̀ wà, ilé ìwòsàn tí kò ní béèrè owó lẹ́nu géètì wà. Ìjọba Oǹdó tún fi òfin sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n ròyìn ikú aboyún, kí wọ́n sì wádìí ohun tó fà á, láìdárúkọ ẹni tí wọ́n máa fi ẹ̀sùn kàn. Nígbà tó yá, wọ́n mú àwọn ìyá àbíyè mọ́ra nínú ètò Agbẹ̀bíyè, wọ́n ń fún wọn ní nǹkan bí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, dípò kí wọ́n máa bá wọn jà. Lẹ́yìn tí Mímikò kúrò lórí oyè ní 2017, ọ̀fẹ́ náà kò dúró bó ṣe wà. Fóònù kò tán lórílẹ̀-èdè, ó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Ètò tó so ìpè mọ́ ìdáhùn ni ìjọba lè tú ká.

Ìtàn ìhà àríwá yàtọ̀, ó sì gùn débi pé ó padà kan Èkó. Ní 2012, ọmọ 122 ni kòkòrò rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà, nínú 223 tó mú lágbàáyé. Àwọn tó ń pín àjẹsára ń tẹ̀lé máàpù tí wọ́n fi ọwọ́ yà, abúlé tí kò bá sì sí lórí rẹ̀, ọdún dé ọdún ni wọ́n máa ń fò ó. Nígbà tí wọ́n wá fi àwòrán sátẹ́láìtì wo ilẹ̀, òrùlé ilé hàn níbi tí máàpù ní igbó ni. Wọ́n fi fóònù tó ń tọpa ibi tí ènìyàn gbà sínú àpò àwọn tó ń pín àjẹsára náà. Lálẹ́, ọ̀nà tí wọ́n rìn á hàn lórí kọ̀ǹpútà, àdúgbò tí wọn ò dé á hàn pẹ̀lú, àwọn tó ń darí ètò náà á sì rán wọn padà síbẹ̀. Ibùdó ìdarí pàjáwìrì tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ábújà lọ́dún yẹn ni gbogbo ìròyìn ń já sí. Kòkòrò náà tún yọjú ní Borno ní 2016, níbi tí ogun Boko Haram kò jẹ́ kí àwọn tó ń pín àjẹsára lè wọ̀, ọmọ mẹ́rin ni ó mú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé irú kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí kò ti ara àjẹsára wá ti kúrò ní Áfíríkà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pẹ̀lú Èbólà lára. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tó ń tọ́jú rẹ̀ fura, ó kọ̀ láti jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ilé ìwòsàn bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn láti tú u sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ìpinnu yẹn. Ọpọlọ àti ìgboyà ni. Ohun tó tẹ̀lé e ló kan ọ̀rọ̀ wa: ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tuntun, wọ́n pe Dókítà Faisal Shuaib àti àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ nínú ogun rọpárọsẹ̀, wọ́n gbé irú ibùdó ìdarí kan náà kalẹ̀ l'Ékòó. Ẹni tó lé ní 890 ló ti fara kan aláìsàn lọ́nà kan tàbí òmíràn. Nǹkan bí ìgbà 18,500 ni wọ́n lọ bá wọn lójúkorojú láti wò bóyá ara wọn gbóná. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí fóònù wọlé kíákíá. Ènìyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Àwọn onímọ̀ ará Jámánì ní ibùdó ìwádìí Helmholtz ní Braunschweig bá àwọn onímọ̀ Nàìjíríà jókòó lórí ohun tí Èbólà kọ́ wọn, wọ́n fi ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní SORMAS. Òṣìṣẹ́ tó wà ní abúlé lè fi fóònù ròyìn aláìsàn kan, kí ilé ìwádìí, ìpínlẹ̀ àti Ábújà sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà. NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, lò ó nígbà tí monkeypox yọ ní 2017. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìlera ti ń fi ẹ̀rọ fáàsì rán orúkọ aláìsàn, bẹ̀rẹ̀ sí í lo SORMAS náà, ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ wọn sì pinnu ní oṣù kìíní 2021 pé kí gbogbo ọ́fíìsì ìlera gbà á. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní tàwọn tó àwọn. Ó wù mí kí àwọn ọmọ wa mọ ìtàn yìí. Ìrírí tí wọ́n fi ẹ̀mí kó l'Ékòó wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè olówó fi tún ilé ara rẹ̀ ṣe, owó wọn kò sì tó láti mú gbogbo ọ́fíìsì gbọ́rọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo gbé yẹ̀ wò, èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù kò ní wáyà, kò sì ní bátìrì. Ọ̀rá ike ni. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí abẹ́ ìdí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dà á kóra jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fa ìlà sí. Ìlà kan wà ní mílílítà 300, ìkejì wà ní 500. Tẹ́lẹ̀, ojú ni agbẹ̀bí fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, á ní ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ojú sì máa ń tan ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa láàrin obìnrin tó lé ní 200,000, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é látẹ̀yìnwá, ìdajì péré nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni wọ́n rí. Níbi tí ọ̀rá náà wà, wọ́n rí 93%. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò ló ṣáájú apá ti Nàìjíríà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan ìlà, iṣẹ́ márùn-ún ni agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró de dókítà: kó ra ilé ọmọ, kó fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, kó fún un ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kó fa omi sí i lára, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó pe ẹni tó jù ú lọ bí kò bá dá. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣe ọ̀kan, wọ́n á dúró wò ó, wọ́n á tún ṣe òmíràn, àkókò á sì ti lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 ni pé ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ dídà tó le, tó fi mọ́ iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú, dín kù ní 60%. Láàrin ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí ìlànà rẹ̀ padà. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni wọ́n gbé wá. Wọ́n gbé àṣẹ fún agbẹ̀bí pẹ̀lú rẹ̀. Láìsí àṣẹ yẹn, agbẹ̀bí yóò kàn máa wo ìlà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá rẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń ka èèyàn ní àkàṣì. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń há mọ́ ìka láti mọ bí atẹ́gùn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tí Takuo Aoyagi ará Japan la ọ̀nà rẹ̀ ní 1974, ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa àti òmíràn tí ojú kò rí gba inú awọ ara kọjá. Àwọ̀ dúdú ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Ní oṣù kejìlá 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń fi ẹ̀rọ yìí pinnu ẹni tí Kòrónà yóò gbé wọ ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ní Michigan tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú àwọn tí ẹ̀rọ náà ní atẹ́gùn wọn pé, 11.7% àwọn adúláwọ̀ ló jẹ́ pé kò pé rárá nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6%. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń dá ènìyàn padà sílé. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Houston lè ti gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pé ara rẹ̀ dá ṣáká nígbà tí èémí ń tán lọ. Ní 2024, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Whitehead darí fún ìjọba Britain jẹ́rìí sí i pé ọ̀ràn náà kì í ṣe àròsọ.

Ti kíndìnrín tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé níbẹ̀, ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ àwọ̀ ara sínú ìṣirò. Láti 1999, ìlànà ìṣirò tí ilé àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà ń lò láti fi mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ máa ń gbé èsì adúláwọ̀ sókè, láti bíi 16% títí dé 21%, lórí èrò pé iṣan ara àwọn adúláwọ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kú lọ, ìwé á sọ pé ó ṣì kù. Bí èsì kò bá sì wálẹ̀ dé 20, orúkọ kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti àwọn dókítà kan ló gbé e dé iwájú. Ní 2021 wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní 2023, àjọ tó ń bójú tó pípín ẹ̀yà ara pàṣẹ pé kí wọ́n dá àkókò tí adúláwọ̀ ti pàdánù padà fún un, ó sì ju ènìyàn 14,000 lọ tí wọ́n tún ọjọ́ wọn ṣe. Àwọn tó kú kí àṣẹ náà tó dé kò sí lára wọn.

Okùn kan so èyí mọ́ Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe HapMap, iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti mọ bí àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìwádìí àjogúnbá lágbàáyé lónìí tí kò mọ orúkọ Yorùbá. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé ẹ̀dà kan nínú jíìnì APOL1, tó pọ̀ láàrin àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó dà bíi pé ó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àìsàn oorun, ni ó ń mú àrùn kíndìnrín rọrùn láti mú wa àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ń dán oògùn wò fún un. Mo fẹ́ kí ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń ṣe oògùn náà sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọn yóò tà á l'Íbàdàn, kí ó tó di pé ó dé ọjà.

Lórí AI (òye àtọwọ́dá), mi ò ní pẹ́, torí pé ìlérí rẹ̀ ṣì pọ̀ ju ẹ̀rí lọ. Ẹ̀rí gidi kan ti Nairobi wá ní 2025. Ní ilé ìwòsàn 15 ti Penda Health, wọ́n fi AI sára kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ kan, kó máa kì wọ́n nílọ̀ bí ó bá rí àṣìṣe. Nínú ìbẹ̀wò aláìsàn tó súnmọ́ 40,000, àṣìṣe nínú mímọ àìsàn dín kù ní 16% lọ́dọ̀ àwọn tó lò ó. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nínú ìròyìn náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kò kọ́kọ́ kọbi ara sí i. Ìgbà tí àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, ni èsì wá yọ.

Àṣírí aláìsàn náà ń fẹ́ àmójútó. Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ààbò àrà ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, àwòrán X-ray pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ orí ń rin ìrìn àjò lórí WhatsApp lójoojúmọ́. Nílùú tí wọ́n ti lè torí káàdì ilé ìwòsàn kan tú ìgbéyàwó ká, ó yẹ kí ilé ìwòsàn máa bẹ̀rù òfin yẹn ju bó ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Ohun tó kù ni owó àti iná. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí 1% ó kéré tán nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ sí ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Inú ètò ìṣúná 2018 ni ó tó kọ́kọ́ wọlé. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ó ju 70% lọ nínú owó ìtọ́jú tó ṣì ń ti àpò aláìsàn jáde. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe?

Ti iná burú débi pé ojú ń tini láti sọ ọ́. Láti ìparí oṣù kẹwàá 2024 títí wọ inú oṣù kejì 2025, UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tó dàgbà jù ní Nàìjíríà, wà láìní iná ìjọba nítorí gbèsè. Ó lé ní oṣù mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde fẹ̀hónú hàn. Ní 2008, Laura Stachel, dókítà ará Amẹ́ríkà, rí i ní Zaria bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí nínú òkùnkùn, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ṣe àpótí kékeré tó ń fi oòrùn tan iná fún yàrá ìbímọ. Ohun tó dára ni, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré kò lè gbé ẹ̀rọ tó ń fọ kíndìnrín àti fíríìjì ẹ̀jẹ̀ gbogbo UCH.

Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 ti gbé àṣẹ fún àwọn ìpínlẹ̀ láti máa darí ọjà iná fúnra wọn, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ìlà iná tó lọ sí ilé ìwòsàn, ta ni yóò san owó rẹ̀, ta ni kò gbọ́dọ̀ gé e bó ti wù kí gbèsè pọ̀ tó: Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì lè kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú òfin báyìí, láìdúró de Ábújà. Kọmíṣánnà ìlera gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́.